Ta Ló Po Ẹrẹ̀ Tuskegee?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí a bá ń ròyìn ilé ńlá, orúkọ onílé la máa ń gbọ́. Orúkọ bíríkìlà kì í sábà dé etí ẹnikẹ́ni. Ilé méjì ni mo gbé wá lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì kan àti ilé gbígbé kan, méjèèjì ní Tuskegee, ìpínlẹ̀ Alabama, ní Amẹ́ríkà. Inú ẹrẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1881 ni Booker T. Washington, tí wọ́n bí sóko ẹrú, di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn èèyàn dúdú níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ta bíríkì nílùú náà, ló bá ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara wọn ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti po ẹrẹ̀ ilé rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n á wà nínú kòtò amọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹrẹ̀ á mù wọ́n dé orúnkún. Àwọn kan bínú fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Èmi ò bá wọn wí: ìwé ni wọ́n bá wá, ẹrẹ̀ ni wọ́n bá.

Wọ́n mọ nǹkan bí 25,000 bíríkì, wọ́n tò ó sínú iléru, kò jiná dáadáa. Wọ́n sun ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó bàjẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ku díẹ̀ kó jiná tán ni iléru wó lóru. Owó ti tán. Washington bá gbé aago rẹ̀ lọ sí ìlú Montgomery, ó fi dógò, ó gba dọ́là 15. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ló jiná. Aago ní tirẹ̀ kò padà wálé mọ́, torí ọjọ́ ìràpadà kọjá kówó tó dé. Àmọ́ àwọn òyìnbó àdúgbò tí ilé ẹ̀kọ́ náà kò wù tẹ́lẹ̀ ń wá ra bíríkì níbẹ̀.

Bíríkì dé, ó ku ẹni tí yóò ya àwòrán ilé. Robert Robinson Taylor ni, ọmọ Wilmington ní North Carolina. Ẹrú ló bí bàbá rẹ̀ fún òyìnbó tó ni ín. Iṣẹ́ kápẹ́ńtà àti ilé kíkọ́ ni bàbá náà fi là. Ní 1892, Taylor di èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Massachusetts. Washington mú un wá sí Tuskegee. Láàárín 1895 sí 1898, ṣọ́ọ̀ṣì náà dìde, 1,200,000 bíríkì, ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Inú rẹ̀ ni iná mànàmáná ti kọ́kọ́ tàn ní Macon County, àgbègbè tí Tuskegee wà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Taylor ya The Oaks, ilé tí Washington àti ẹbí rẹ̀ gbé. Bíríkì kan náà ni. Ibẹ̀ ni Washington kú sí ní November 1915, wọ́n sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Taylor pẹ́ láyé jù ú lọ. Ní December 1942, inú ṣọ́ọ̀ṣì tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà ni àìsàn ti dédé dá a wólẹ̀, ọjọ́ náà ló sì kú.

Ní January 1957, ààrá sán lu ṣọ́ọ̀ṣì náà, iná jó o run. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, tí wọ́n parí ní 1969, ayàwòrán ilé Paul Rudolph ló yà á pẹ̀lú ilé iṣẹ́ ayàwòrán Fry àti Welch. Bíríkì ni wọ́n fi kọ́ òun náà. The Oaks kò jóná ní tirẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀, amọ̀ tí wọ́n fi orúnkún wọ́ ṣì wà lára ògiri.