Ìyá tó lo ọdún 122 láyé: báwo la ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni?

Ọ̀kun o ẹ̀yin èèyàn mi. Nílé wa ní Ìsánlú, tẹ́ ẹ bá bi màmá àgbà pé ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n, wọ́n á ní nígbà tí wọ́n dá ọsibítù Ẹ̀gbẹ̀ sílẹ̀, àwọn ti ń ru iṣu lọ sọ́jà. 1952 nìyẹn. Ẹ fi í sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ níbẹ̀.

Jeanne Calment, ará Arles ní Faransé, wọ́n bí i ní February 21, 1875, ó kú ní August 4, 1997. Ọdún 122 àti ọjọ́ 164, kò tíì sẹ́ni tó ní ìwé lọ́wọ́ tó pẹ́ láyé tó o. Ẹ jẹ́ n fi tiwa wọ̀n ọ́n: nígbà tí Titcombe oníwàásù dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, màmá yìí ti pé 33. Nígbà tá a gba òmìnira, 85 ni, wọ́n ní ọdún yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ń kọ́ fífi idà ṣeré! Nígbà tí wọ́n dá Kogi sílẹ̀ ní 1991, ó ti pé 116, ó ṣì ń fa sìgá.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó rí. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Yvonne, ó kú ní 1934. Ọkọ ẹ̀ kú ní 1942. Ọmọ-ọmọ kan tó kù, dókítà ni, ìjàǹbá mọ́tò pa á ní 1963. Àwa tá a máa ń gbàdúrà pé ọmọ á sin wá, ẹ rò ó wò, òun ló sin gbogbo wọn.

Kò wá sẹ́ni tó máa jogún ilé. Ní 1965, ó ti pé 90, òun àti lọ́yà kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 47 bá ṣàdéhùn pé kí lọ́yà máa san 2,500 francs fún un lóṣooṣù títí á fi kú, ilé á wá di tiẹ̀. Ta ló máa rò pé á ju ọdún mélòó kan lọ? Lọ́yà san án fún ọgbọ̀n ọdún, òun ló kọ́kọ́ kú, ní 1995, owó tó san ti ju ìlọ́po méjì iye tí ilé náà tó, ìyàwó ẹ̀ tún ń san án lọ.

Ní 2018 àwọn kan ní Rọ́ṣíà sọ pé irọ́ ni, pé ìyá ló kú ní 1934, Yvonne ló gba orúkọ ẹ̀. Èmi ò gbà. Ìwé ìsàmì wà, ìwé ìgbéyàwó wà, orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé ìkànìyàn léraléra, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò sì fi dá wọn lóhùn.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó ti màmá àgbà. Àbúrò tó tẹ̀ lé wọn ní ìwé ìsàmì, 1941 ló wà nínú ẹ̀, wọ́n ní àwọn ti ń pọn ọ́n nígbà yẹn. Ẹni tó lè pọn ọmọ, kò lè kéré sí ọmọ ọdún márùn-ún, á jẹ́ nǹkan bíi 1936. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn Bíbélì wọn. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìka tọ nọ́ńbà yẹn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé èmi rèé?"