Àtẹ́wọ́ tí a ń pa kí bàálù tó dúró

Ẹ kú ìjókòó o. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: bí táyà bàálù bá ti kan ilẹ̀ báyìí, àtẹ́wọ́ á sọ, ẹnì kan á ké "Halelúyà!", ẹlòmíràn á ti máa tú bẹ́líìtì. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìdúpẹ́. Ṣùgbọ́n lásìkò àtẹ́wọ́ yẹn, bàálù ńlá lè ṣì máa sá nǹkan bíi kìlómítà 250 ní wákàtí kan, iṣẹ́ sì kù nílẹ̀ fún páílọ́ọ̀tì.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 2005, Air France 358, Airbus A340 tó gbéra ní Paris, ń bọ̀ wá balẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Pearson ní Toronto, Kánádà. Èèyàn 309 ló wà nínú rẹ̀. Òjò ń rọ̀ kíkankíkan, mànàmáná ń kọ. Táyà kanlẹ̀, àwọn èrò kan pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ tí bàálù fi sá kọjá òpin ojú ọ̀nà, ó já sí àfonífojì odò Etobicoke Creek, ó sì gbiná.

Ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ yẹn gùn tó mítà 2,743. Ó tó, ó tún ṣẹ́kù. Àmọ́ bàálù náà ga ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tó dé ẹnu rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń dojú kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ sì ti yí padà, ó ń tì í lẹ́yìn. Bó ṣe ń léfòó lọ nìyẹn, tí nǹkan bíi mítà 1,160 fi lọ kí táyà tó kanlẹ̀. Ọ̀nà tó bá ti wà lẹ́yìn páílọ́ọ̀tì, bí ọ̀nà ìlú ẹlòmíràn ló rí. Kò lè fi ṣe nǹkan kan.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bíréèkì nìkan ló ń dá bàálù dúró. Bíréèkì kò lè ṣe ju ohun tí táyà bá rí dì mú nílẹ̀ lọ. Bí omi bá bo ilẹ̀, ó lè gbé táyà kúrò nílẹ̀ díẹ̀, kó kàn máa yọ̀ lọ. Ibẹ̀ la ti ń mọ rírì reverse: ẹ́ńjìnnì á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ síwájú dípò ẹ̀yìn, kò sì nílò táyà láti ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ìgbà tí eré ṣì pọ̀ ló lágbára jù. Ní Toronto, ó tó ìṣẹ́jú àáyá 12.8 lẹ́yìn tí táyà kanlẹ̀ kí wọ́n tó fà á, ó di 16.4 kí gbogbo agbára rẹ̀ tó jáde. Ẹ ka oókan dé ẹẹ́rìndínlógún nínú yín, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá kò pẹ́.

Àjọ tó wádìí rẹ̀ ní Kánádà kọ ọ́ pé nígbà tí wọ́n sún mọ́ ẹnu ọ̀nà náà, àwọn awakọ̀ gbà pé kò sí àyè àtigbéra padà mọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni bàálù ti kúrò lójú ọ̀nà, kí táyà rẹ̀ tó kàn án rárá.

Gbogbo àwọn 309 ló jáde láàyè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tilẹ̀ gbé báàgì dání, nínú iná! Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ti American Airlines 1420 kò rí bẹ́ẹ̀. Òru ni, ní Little Rock, Arkansas, ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 1999, ìjì ń jà. Orí apá bàálù ní àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní spoiler, tó ń dìde bí a bá ti balẹ̀, kí apá má baà máa gbé bàálù mọ́. Wọn ò tò ó sílẹ̀ kó lè dìde fúnra rẹ̀, kò sì dìde. Ìwúwo bàálù kò délẹ̀ sórí táyà, bíréèkì ò rí nǹkan dì mú, bàálù sì sá kọjá òpin ojú ọ̀nà. Èèyàn 11 kú, ọ̀gá awakọ̀ wà lára wọn.

Lẹ́yìn ti Toronto, àjọ Kánádà dábàá pé kí ilẹ̀ gbalasa tó tó mítà 300 wà lẹ́yìn òpin àwọn ojú ọ̀nà ńláńlá. Ibi tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò bá sí ńkọ́? Kò ì pé oṣù kan ṣáájú ti Little Rock, ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún, bàálù kékeré kan, Saab 340, ré kọjá òpin ojú ọ̀nà ní pápákọ̀ òfurufú JFK, New York. Wọ́n ti tẹ́ irú kọnkéré fúyẹ́fúyẹ́ kan síbẹ̀, èyí tí ìwúwo bàálù lè fọ́. Táyà rì sínú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń rì nínú iyanrìn etí òkun. Kò rìn ju nǹkan bíi mítà 75 lọ tó fi dúró, kò sì sẹ́ni tó kú nínú àwọn 30 tó wà nínú rẹ̀.