Àrọ̀ méjì yìí jọra, àmọ́ iye kúrómósómù wọn ò dọ́gba

Ẹ wo ẹja méjì tó wà nínú bàsíà yìí dáadáa. Orí pẹlẹbẹ, irùngbọ̀n gígùn, ara tó ń yọ̀, tí wọ́n bá gbé e fún yín lọ́jà, àrọ̀ lẹ máa pe méjèèjì. Ẹ wá wo ẹ̀yìn wọn. Eléyìí ni Clarias gariepinus, lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn gbọọrọ títí dé ìdí ìrù. Èkejì ni Heterobranchus longifilis, lẹbẹ tiẹ̀ ò lọ jìnnà, lẹbẹ míì tó rọ̀ tó sì sanra ló gbà á títí dé ìrù.

Ìyẹn lohun tí ojú rí. Nínú sẹ́ẹ̀lì wọn, àwọn fọ́nrán bí okùn kan wà tó gbé àbùdá tí ọmọ ń jogún, àwọn là ń pè ní kúrómósómù. Clarias ní 56, Heterobranchus ní 52. Àwa èèyàn, 46 la ní.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kà á? Wọ́n á fún ẹja lábẹ́rẹ́ oògùn kan tó ń jẹ́ colchicine, òun ló máa dá sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ pín sí méjì dúró síbi tí kúrómósómù ti ki tó sì hàn ketekete, wọ́n á yọ kíndìnrín rẹ̀, wọ́n á rẹ sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ sínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ ò pọ̀ kó lè wú, wọ́n á kán an sórí gíláàsì, wọ́n á pa á láró, wọ́n á yà á ní fọ́tò. Nínú fọ́tò yẹn, gbogbo ẹ̀ wà ní wúruwùru bíi bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, èèyàn á wá máa wá ìkejì ọ̀kọ̀ọ̀kan, á tò wọ́n ní méjì-méjì láti orí èyí tó tóbi jù. Ohun tó tò yẹn là ń pè ní karyotype. Iṣẹ́ sùúrù gbáà ni, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Iye yẹn lè yí pa dà bí ọ̀pọ̀ ìran ẹja ṣe ń kọjá. Kúrómósómù kúkurú méjì lè lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, bí ìgbà téèyàn so okùn méjì pọ̀: iye dín kù, okùn ò dín kù. Ẹyọ kan náà lè já sí méjì. Nígbà míì, gbogbo ẹ̀ ló máa di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan náà, irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sáwọn Corydoras, ẹja kékeré inú odò Gúúsù Amẹ́ríkà, tiwọn bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 40 dé 134, bẹ́ẹ̀ mọ̀lẹ́bí kan náà ni wọ́n!

Ẹ jẹ́ ká pa dà sílé. Ní hatchery, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń pa ọmọ ẹja, wọ́n á tẹ ẹyin Clarias sínú abọ́, wọ́n á la akọ Heterobranchus, wọ́n á yọ àpò àtọ̀ rẹ̀, wọ́n á pò ó mọ́ ẹyin. Ìdajì kúrómósómù òbí kọ̀ọ̀kan ló ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ: ìyá mú 28 wá, bàbá mú 26 wá, ọmọ di 54. Òun ni Heteroclarias táwọn tó ń sin ẹja fẹ́ràn. Ọmọ yìí náà lè bímọ, ibẹ̀ ló ti ń kó mi lọ́kàn sókè, torí tí wọ́n bá tún fi í gun Clarias, ọmọ tó máa wá lè jọ Clarias débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ ò ní sọ nǹkan kan fún yín, tí omi bá wá kún, tó gbé e látinú pọ́ńdì sínú odò, ó ti dara pọ̀ mọ́ àwọn ará ibẹ̀ nìyẹn. Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní hatchery, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ ìyá àti bàbá ẹja kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ya Heteroclarias sí pọ́ńdì tiẹ̀.