Ìmọ́lẹ̀ Kò Wúwo, Síbẹ̀ Ó Ń Ti Nǹkan

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Inú yàrá kan ní Kétu la wà. Ẹ wòkè: ihò ìṣó ló wà lára páànù yẹn. Ibẹ̀ ni oòrùn gbà wọlé, tó nà tààrà bí okùn dé orí ẹní, tí eruku ń jó nínú rẹ̀. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi sí i báyìí: ó ń gbóná, ṣùgbọ́n kò wúwo. Àbí ọwọ́ mi ni kò mọ ìwúwo rẹ̀?

Hóró-hóró ni ìmọ́lẹ̀ ń wá. Einstein ló sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1905, fótọ́ọ̀nù la sì ń pe hóró kọ̀ọ̀kan. Ká ní ó wúwo ni, bó ti wù kó kéré mọ, ìmọ́lẹ̀ pupa ì bá máa fà sẹ́yìn búlúù lójú òfurufú, torí agbára rẹ̀ kò tó ti búlúù. A wò ó títí, a ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ìwúwo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, hóró kékeré tó wà nínú átọ́ọ̀mù, ẹ pín in sí mílíọ̀nù. Ẹ mú ẹyọ kan níbẹ̀, ẹ pín òun náà sí mílíọ̀nù. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Bí fótọ́ọ̀nù bá tilẹ̀ wúwo, kò tó ẹyọ tó kẹ́yìn yẹn. Ní tèmi o, kò wúwo rárá.

Eré ìmọ́lẹ̀ wá ńkọ́? Einstein ní eré ohun tó ń tanná kò kún un. Onímọ̀ físíìsì kan, Walther Ritz, gba ọ̀nà mìíràn lọ́dún 1908. Ó ní eré ohun tó ń tanná máa ń kún eré ìmọ́lẹ̀, bí ẹni tó wà lẹ́yìn zémìjàn tó ju òkúta síwájú. Ó bọ́gbọ́n mu, àbí? Àmọ́ ìràwọ̀ wà tí méjì-méjì ń yí ara wọn po. Bó bá rí bí Ritz ti wí, ìmọ́lẹ̀ tí ìràwọ̀ tú jáde nígbà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa yóò lé èyí tó ti tú jáde ṣáájú bá, yóò sì yà á sílẹ̀. A ó máa rí ìràwọ̀ kan ṣoṣo níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Willem de Sitter, onímọ̀ ìràwọ̀, tọ́ka sí wọn lọ́dún 1913: ìyípo wọn ń lọ geere, Ritz kò sì jàre.

Èyí tó wú mi lórí jù ni pé aláìwúwo yìí ń ti nǹkan. Lọ́dún 2010, ilẹ̀ Japan ta ìgbòkun kan sójú òfurufú, IKAROS lorúkọ rẹ̀. Mítà 14 ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Kò sí atẹ́gùn níbẹ̀. Oòrùn ló ń tì í lọ, oòrùn kan náà tó wà lọ́wọ́ mi yìí.