Òfin Ààbọ̀ Kò Gba Pẹ́pẹ́yẹ Sílẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ Yorùbá sọ ní London. Mo gé díẹ̀ kúrò nínú àwàdà rẹ̀.)

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀fun.

Pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n ń sìn fún foie gras, oúnjẹ Faransé tí wọ́n ń fi ẹ̀dọ̀ ẹyẹ ọlọ́ràá ṣe, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Tó bá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n pa á, ẹni tó ń bọ́ ọ á di orí rẹ̀ mú, á ti páìpù bọ̀ ọ́ lẹ́nu títí wọ ọ̀fun, á da àgbàdo sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Ẹ̀dọ̀ á wú di ìlọ́po mẹ́fà, nígbà mìíràn ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ẹ bá gbé irú ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà, oògùn ló máa kọ. Òun náà ni wọ́n ń fi búrẹ́dì jẹ nílé oúnjẹ olówó ńlá. Ní 1998, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Yúróòpù kọ ọ́ pé bí wọ́n ṣe ń rọ ẹyẹ náà ń pa á lára.

Ní Ìlú Ọba níbí, ẹnikẹ́ni ò lè ṣe é. Òfin ààbò ẹranko ti 2006 ò fàyè gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ lè rà á, torí wọ́n ń kó o wọlé láti ilẹ̀ Faransé. Òfin ààbọ̀ ni mo ń pe ìyẹn, ẹni tó bá sì ti gbọ́ mi rí mọ̀ pé ẹnu mi kì í kúrò níbẹ̀: a ní kí ẹnikẹ́ni má jalè nílé wa, a wá ń ra ẹrù tí wọ́n jí nílé kejì. Ní 2021, ìjọba ní àwọn máa wò ó. Wọ́n ń wò ó lọ. Ní 2022, ilé Ọba Charles fi lẹ́tà sọ pé wọn kì í rà á sí ààfin. Ààfin ti ṣe tirẹ̀, ó ku ọjà.

Ẹ wo California. Wọ́n fọwọ́ sí òfin tiwọn ní 2004, wọ́n fún àwọn àgbẹ̀ láyè di oṣù Keje 2012. Ó de ẹni tó ń ṣe é, ó de ẹni tó ń tà á. Adájọ́ kan wọ́gi lé òfin títà ní 2015, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn dá a padà ní 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sì kọ̀ láti dá sí i ní 2019 àti 2023. Ihò kan ṣì wà: ẹni tó bá rà á láti ìpínlẹ̀ mìíràn fún ẹnu ara rẹ̀ ò jẹ̀bi.

Chicago ò lè dúró bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣòfin ní 2006, wọ́n fagi lé e ní 2008. Láàárín ìgbà náà, àwọn onílé oúnjẹ kan ní sàláàdì làwọn ń tà, ọ̀fẹ́ ni ẹ̀dọ̀! Ọlọ́jà họtídọ́ọ̀gì kan tó ń tà á san 250 dọ́là owó ìtanràn.

Ibi tí mo dé nìyẹn tí ìyá àgbà kan fi nawọ́. “Ọmọ mi, ṣé wọn ò rọ ìwọ náà ní kékeré?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Wọ́n rọ mí, mà.” Lórí ẹsẹ̀ màmá mi, ọwọ́ rẹ̀ di imú mi, ògì gba ọ̀fun, ó gba imú jáde.

“Ṣé ìkà ni màmá ẹ?”

Rárá, mà. Kí n má bàa kú ni wọ́n ṣe rọ mí. Bí ikùn mi bá wú, ọsibítù ni. Wíwú yẹn gan-an ni onípẹ́pẹ́yẹ ń dúró dè. Síbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ti ń kìlọ̀ tipẹ́ pé ká yéé rọ ọmọ, torí ó lè gba ibi tí kò yẹ lọ. Ìyá ní, “Ó dáa, máa wí.”

Àkókò ti lọ. Ẹ jẹ́ kí n sáré: àwọn Faransé ní àṣà ni, òfin wọn ti 2006 kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òfin yẹn kan náà ní ẹyẹ tí wọn ò bá rọ, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kì í ṣe foie gras. Eduardo Sousa, àgbẹ̀ kan ní Sípéènì, tí àwọn ẹyẹ tirẹ̀ ń fúnra wọn jẹun sanra lóko, ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ kò bá òfin náà mu lójú wọn.

Ẹni tó bá máa kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò rẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé títà àti kíkó wọlé ni ká fòfin dè. Àpẹẹrẹ lẹ́tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù lẹ́yìn yẹn. Adìẹ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má bi mí.