Bí A Ṣe Ń Mọ Iye Tí Owó Àtijọ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tó Lónìí

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè kan náà lẹ ń fi ránṣẹ́ sí mi ṣáá: "Ẹ̀gbọ́n, mo rí ṣílè àtijọ́, èló ni?" Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ lónìí. Ẹ wo ọwọ́ mi níbí.

Àkọ́kọ́, ọdún. Ó wà lára owó náà. Bó bá ti pa rẹ́, ẹ wo orí tó wà níbẹ̀. Ọbabìnrin Victoria tó fi aṣọ borí yìí, láàárín 1893 sí 1901 ni. Ó tán.

Èkejì, ìṣirò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ná tọ́rọ́ àti sísì rí, ẹ sinmi, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ gbọ́: kọ́bọ̀ (ìyẹn pẹ́nì àtijọ́) méjìlá ni ṣílè kan, ogún ṣílè ni pọ́n-ùn kan, ìyẹn 240 kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ná an títí di ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1971, tí wọ́n sọ pọ́n-ùn di 100 pẹ́nì tuntun.

Ọgbọ́n tèmi rèé, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín: iye ṣílè yòówù kó jẹ́, ẹ fi márùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀, pẹ́nì tuntun nìyẹn. Sísì, ìyẹn kọ́bọ̀ mẹ́fà, jẹ́ méjì àbọ̀. Bẹ́ ẹ bá rí 7/6 nínú ìwé àtijọ́, ṣílè méje àti sísì ni. Méje lọ́nà márùn-ún, 35. Ẹ fi méjì àbọ̀ lé e. 37½! Ẹ rí i? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ £12 7s 6d (s ni ṣílè, d ni kọ́bọ̀) sínú fóònù bíi 12.76, mo mọ̀ yín o. 12.375 ni!

Ẹ̀kẹta, ẹ lọ sórí ìkànnì Bank of England. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìṣirò kan níbẹ̀: ẹ tẹ iye owó, ẹ tẹ ọdún, ó parí.

Àmọ́ ẹ má tíì sá lọ. Ní January 1909, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó tó ti pé àádọ́rin ọdún ní owó ìfẹ̀yìntì, ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀. Bẹ́ ẹ bá wo iye ọjà nìkan, ìyẹn bí nǹkan ṣe wọ́n sí, kò ju nǹkan bíi pọ́n-ùn 25 sí 30 lónìí lọ. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Lẹ́bìrà ìgbà yẹn, bíi pọ́n-ùn kan ló ń gbà lọ́sẹ̀. Ìdámẹ́rin owó iṣẹ́ ọkùnrin tó lágbára ni wọ́n ń gbé fún arúgbó! Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ bi ara yín pé ọjọ́ mélòó lèèyàn máa fi ṣiṣẹ́ kó tó rí i.

Ẹnìkan béèrè £1,030 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn máa fún Ọba Dòsùnmú lọ́dọọdún lẹ́yìn tí wọ́n gba Èkó lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1861. Nǹkan bíi 100,000 pọ́n-ùn ni bẹ́ ẹ bá fi iye ọjà wò ó. Ẹ wá rò ó wò, owó ibodè Èkó odindi ló fi sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, owó náà fúnra rẹ̀, pé ta ló máa rà á. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyí o. Ṣílè àti ṣílè méjì àbọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1920, fàdákà gidi ni, 92.5 nínú 100. Láti 1920 dé 1946, ìlàjì ni fàdákà inú rẹ̀. Láti 1947, kò sí fàdákà kankan níbẹ̀ mọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n. Kẹ́ ẹ sì jọ̀ọ́, Ẹ MÁ FỌ̀ Ọ́! Ẹ gbé ọṣẹ sọ nù, ẹ gbé ọsàn wẹ́wẹ́ sọ nù. Owó tó dúdú tí ara rẹ̀ pé, olùrà máa ń fẹ́ ẹ. Èyí tẹ́ ẹ ti bó lára, kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kọ́bọ̀ 1967, ẹ bá mi gbé e fún ọmọ kó fi ṣeré, wọ́n rọ ọ́ lọ súà. Ti 1933 ni kẹ́ ẹ máa wá. Èyí tí wọ́n mọ̀ pé ó wà kò ju bíi méje lọ.

Bẹ́ ẹ bá ń kọ̀wé sí mi, ẹ kọ ọdún sí i, ẹ ya iwájú àti ẹ̀yìn. Oníbàárà ti dé sẹ́nu ọ̀nà. Mo ń bọ̀.