Ibo Gan-an Ni Ààlà Wà Nínú Odò?

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká fi odò Ọ̀ṣun tiwa níbí l'Óṣogbo ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní orílẹ̀-èdè kan ló ni etí odò lápá ọ̀tún, tí òmíràn ni tòsì. Níbo lẹ máa fa ààlà sí? Mo ti gbọ́: "Àárín ni." Ẹ dúró ná! Odò kì í ṣe búrẹ́dì tí wọ́n ń gé sí méjì ọgbọọgba.

Níbi tí ọkọ̀ bá ti ń ná odò, IBI TÓ JÌN JÙ ni ààlà sábà máa ń gbà. Mo tún un sọ o: ibi tó jìn jù! Ibẹ̀ lọkọ̀ ń gbà. Tí ẹ bá fa ìlà sáàárín, tí ibi jíjìn wá bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan, iyanrìn ni ọkọ̀ ẹnì kejì máa gún sí tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé.

Bí wọ́n ṣe ń wá a nìyí. Ọkọ̀ á sọdá láti etí kan sí èkejì, wọ́n á máa wọn omi bí wọ́n ṣe ń lọ. Okùn tí wọ́n so òjé mọ́ ni wọ́n ń lò láyé àtijọ́. Ẹ̀rọ tó ń fi ìró wọn ìsàlẹ̀ omi ni tòní. Wọ́n á sàmì síbi tó jìn jù, wọ́n á sún síwájú, wọ́n á tún sọdá. Àmì wọ̀nyẹn ni wọ́n ń so pọ̀. Ìlà náà á rí kọ́lọkọ̀lọ, torí níbi tí odò bá ti ṣẹ́ kọ́nà, etí òde ni omi ń gbẹ́ jù.

Erékùṣù ńkọ́? Hẹ̀n, ibẹ̀ nijà wà! Ó pín odò sí ẹ̀ka méjì, ẹ kọ́kọ́ mọ èwo nínú ẹ̀ka méjèèjì ni odò gangan. Botswana àti Namibia gbé ara wọn lọ Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé nítorí erékùṣù kan lórí odò Chobe tó wà láàárín wọn. Ní 1999, ẹ̀ka àríwá ni ilé-ẹjọ́ mú, Botswana ló gba erékùṣù náà. Ní 2005, ó pín erékùṣù 25 lórí odò Ọya: 16 fún Niger, títí kan Lété, 9 fún Benin.

Àmọ́ lórí odò Mékrou, nínú ẹjọ́ kan náà, àárín ni wọ́n mú, nítorí odò yẹn kì í ṣe odò ọkọ̀.

Tí odò bá wá ṣípò ńkọ́? Díẹ̀díẹ̀: ààlà á sábà bá a lọ. Lójijì, tó fò lọ gbẹ́ ojú ọ̀nà tuntun: ààlà kò kúrò lójú odò àtijọ́. Omíyalé 1864 lórí Rio Grande dá irú ìjà yìí sílẹ̀ láàárín Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò. Àdéhùn 1963 ló tó parí ẹ̀.

Ẹni tó bá sì ń gba afárá orí odò Ọya láti Malanville ní Benin lọ sí Gaya ní Niger, ẹ má wá ààlà láàárín afárá o. Ilé-ẹjọ́ ní ọ̀gangan ibi tí ìlà wà nínú omi nísàlẹ̀ náà ló wà lókè.